Ẹgbẹ́ Balint: ìjíròrò tí kì í béèrè òògùn

Ní wọ́ọ̀dù, ọ̀gá á bi dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ pé: kí ló ń ṣe aláìsàn yìí, òògùn wo lo kọ fún un? Nínú ẹgbẹ́ Balint, ìbéèrè mìíràn ló wà nílẹ̀: kí ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìwọ àti aláìsàn náà? Michael Balint, dókítà ọmọ ilẹ̀ Hungary, ló dá a sílẹ̀ ní London lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì.

Dókítà bíi 6 sí 12 á jókòó yíká, pẹ̀lú olùdarí kan tàbí méjì, fún wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀. Ẹnì kan á sọ nípa aláìsàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Kì í mú fáìlì dání: ohun tó bá gbàgbé àti ohun tó bá ń tún sọ ṣáá, ẹ̀rí ni méjèèjì. Wọ́n á béèrè ohun tí kò yé wọn, ní ṣókí. Lẹ́yìn náà ni yóò sún àga rẹ̀ sẹ́yìn, yóò sì panu mọ́ fún bí ìṣẹ́jú 20, kí àwọn tó kù máa jíròrò. Ibí yìí gan-an niṣẹ́ wà.

Ká ní ìyá aládìrẹ kan láti Ìtòkú, ọjà àdìrẹ l'Abẹ́òkúta, ni, ẹni 70 ọdún tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà. "Ọmọ mi" ló ń pe dókítà, ó sì ń wúre fún un látìgbà tó ti wọlé. Dókítà kò rójú bi í bóyá ó ti rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọmọ wo ló ń bi ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ á fi ẹnu ìyá náà sọ̀rọ̀: "Kó má baà bi mí ni mo ṣe ń wúre." Ẹlòmíì á fi ẹnu ọmọbìnrin tó mú un wá sọ ọ́: "Kó má béèrè níṣojú mi o." L'Abẹ́òkúta, ẹ má yọ ẹbí sílẹ̀: láti 1954 tí Thomas Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí fi aláìsàn àti ẹbí wọn wọ̀ sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ká, ni ẹbí ti wà nínú ìtọ́jú.

Ìmọ̀ràn ló sábà ń ba ìjíròrò yìí jẹ́: "Èmi ì bá ti yí òògùn rẹ̀ padà." Èyí tó le jù lọ́dọ̀ tiwa ni kí ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí ìwé àwọn dókítà náà jẹ́ olùdarí; kálukú á máa wojú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ wá ẹlòmíì. Ní ti àṣírí, yíyọ orúkọ nìkan kò tó: "aládìrẹ Ìtòkú tọ́mọ rẹ̀ jẹ́ lọ́yà" ti tó fún ẹni tó mọ ọjà. Ẹ yí iṣẹ́ àti àdúgbò padà.

Bí ìbẹ̀rù ìpara-ẹni bá sì jẹyọ, kì í dúró di ìpàdé tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni dókítà á pe ọ̀gá tó ń bójú tó ìtọ́jú ìyá yẹn, tí yóò sì padà lọ bi í.