Àrómirẹ́ Ló Kọ́kọ́ Mọ Ọ̀nà: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Afárá Carter àti Èbúté Èrò

Bí a bá béèrè ìgbà tí Afárá Carter bẹ̀rẹ̀, ọdún 1901 ni wọn yóò sọ fún wa, nítorí ọdún náà ni ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì parí rẹ̀ láti Ìddó sí Erékùṣù Èkó, tí wọ́n sì fi orúkọ Gómìnà Gilbert Carter pè é. Èmi kò bá ọdún náà jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀nà tí afárá náà gbà ti wà kí ẹnikẹ́ni tó ri òpó kan mọ́lẹ̀ nínú ọ̀sà, àwọn Àwórì, ẹ̀yà Yorùbá tó tẹ Èkó dó, ló sì là á.

Àwọn àgbà wa sọ pé Olófin, olórí àwọn Àwórì, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀ lé àwo kan tí ó léfòó lórí odò Ògùn. Àwo náà dúró ní Ọlọ́kẹ́mẹ́jì, ó dúró ní Òkè-Àtà, ó dúró pẹ́ ní Ìṣẹ́rì, nígbà tí ó sì dé ibi tí à ń pè ní Ìdúmọ̀tà lónìí, ó yí bírí lójú omi, ó rì. Wọ́n béèrè àwo, èsì tí wọ́n gbọ́ ni pé àwo ti rì, ibẹ̀ ni orúkọ Àwórì ti ṣẹ̀. Ìdúmọ̀tà yìí kan náà ni afárá ti gúnlẹ̀ ní apá Èkó, n kò sì lè gbà pé èèṣì lásán ni. Láàárín Ìddó àti Erékùṣù, omi náà kò fẹ̀ bí ó ṣe fẹ̀ ní ojú ọ̀sà gan-an, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ sọdá yóò wá ibẹ̀, ìbáà ṣe apẹja, ìbáà ṣe ọ̀gá àwọn tó ń ṣe afárá.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ wọn omi náà ni Àrómirẹ́, ọmọ Olófin. Láti Ìddó ni ó ti ń wẹ̀ lọ sí Èkó láti pẹja àti láti wo oko ata rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ààfin Ọba wà lónìí. Orúkọ rẹ̀ ń jẹ́rìí sí i: ẹni tó bá omi rẹ́. Ní ti Olótòó, arákùnrin rẹ̀, òun dúró sí Ìddó. Ilẹ̀ ọmọ ìyá méjì ni afárá yìí so pọ̀. Àwọn kan ní èdè Bìní ni orúkọ Èkó ti wá, pé àgọ́ ogun ni. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ogun kọ́ ló kọ́ ará Ìddó bí a ti ń sọdá.

Lẹ́yìn òmùwẹ̀ ni ọkọ̀ ọlọ́pọ́n dé. Èbúté Èrò, nítòsí ẹsẹ̀ afárá, ni èbúté àwọn èrò, ìyẹn àwọn oníṣòwò tó ń gba ojú omi wá ná ọjà Èkó.

Ọkọ̀ ojú irin ló sọ afárá di dandan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Ìddó ní ọdún 1896, ojú irin sì dé Ìbàdàn. Ẹrù ń dé Ìddó, Erékùṣù wà ní òdìkejì. Afárá Denton so Ìddó mọ́ Èbúté Mẹ́ta, Carter sì so Ìddó mọ́ Èkó. Ní ọdún 1902 ọkọ̀ tírámù, ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gba ojú títì ìlú, bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí afárá Carter. Wọ́n tún Carter kọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1970, Afárá Èkó ti dé ṣáájú ìgbà náà, Third Mainland sì dé ní ọdún 1990.

Ní Èbúté Èrò lónìí, àwọn èrò ń wọ ẹ̀wù amúniléfòó kí ọkọ̀ tó ṣí. Mo rí atukọ̀ kan tí ewéko ojú omi lọ́ mọ́ abẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lábẹ́ afárá: ó gbé ẹ́ńjìnnì sókè, ó fi ọ̀bẹ gé ewéko náà, ó sì fi ọ̀pá gígùn ti ọkọ̀ síwájú títí ó fi kúrò lábẹ́ òpó, kí ó tó tún ẹ́ńjìnnì ṣáná sí ọ̀nà Ìddó.