Ìbẹ̀rẹ̀, ìpalẹ̀mọ́ àti ìdánwò SQLite nínú èdè C

SQLite jẹ́ ibi ìpamọ́ dátà tí kò ní sáfà. PostgreSQL àti MySQL jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tó dá dúró, tí ètò tiwa gbọ́dọ̀ kàn sí kó tó lè rí dátà gbà. SQLite ní tirẹ̀ jẹ́ àkójọ kóòdù C tí a ń kọ̀ǹpáìlì mọ́ ètò tí yóò lò ó, tó ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́mọ́rì ètò náà gan-an, tó sì ń kó gbogbo dátà sínú fáìlì kan ṣoṣo. Irú èyí ni ibi ìpamọ́ dátà àfibọnú. D. Richard Hipp ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, lẹ́yìn tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí ètò kan fún ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí a ti ń fẹ́ kí ètò náà máa ṣiṣẹ́ láìsí alábòójútó dátà nítòsí. Lónìí, ó wà nínú fóònù Android àti iPhone, ó wà nínú Firefox àti Chrome, òun náà sì ni WhatsApp fi ń tọ́jú àwọn ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ sórí fóònù.

Nítorí pé inú ètò tiwa ni SQLite ń gbé, kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá wa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tàbí tí yóò bá wa palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó kọ ètò ló ni iṣẹ́ náà. Púpọ̀ nínú àlàyé tí a ń ṣe fún àwọn tó ń kọ́ èdè C máa ń dá lórí bí a ṣe ń ṣí ibi ìpamọ́ dátà àti bí a ṣe ń kọ gbólóhùn SQL (èdè tí a fi ń bá ibi ìpamọ́ dátà sọ̀rọ̀), ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa ń fi parí ọ̀rọ̀ títì. Lójú tèmi, òdìkejì rẹ̀ ló yẹ, nítorí pé ṣíṣí rọrùn, títì ló nira, ibi títì sì ni àṣìṣe máa ń sá pamọ́ sí.

Ìpele méjì ni ìbẹ̀rẹ̀ SQLite ní, kò sì yẹ kí a da wọ́n pọ̀. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti láíbírì fúnra rẹ̀, sqlite3_initialize() ló sì ń ṣe é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣètò àwọn mutex, tí kì í jẹ́ kí thread méjì (ọ̀nà iṣẹ́ tó ń lọ papọ̀ nínú ètò kan náà) fọwọ́ kan ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo; láti ṣètò ọ̀nà tí láíbírì yóò máa gbà bèèrè mẹ́mọ́rì; àti láti pe sqlite3_os_init(), tó ń forúkọ VFS sílẹ̀. VFS ni apá tó wà láàárín SQLite àti ẹ̀rọ: òun ló mọ bí a ṣe ń ṣí fáìlì, bí a ṣe ń kà á, bí a ṣe ń dá àwọn mìíràn dúró kí wọ́n má bàa kọ nǹkan sí i lásìkò kan náà, àti bí a ṣe ń rí i dájú pé ohun tí a kọ ti dé orí dísìkì. VFS ti Unix àti ti Windows ti wà nínú SQLite tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé e lọ sórí ẹ̀rọ kékeré tí kò ní èyíkéyìí nínú wọn ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sqlite3_os_init() àti èkejì rẹ̀, sqlite3_os_end().

Ìpè àkọ́kọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bí a bá tún pe function náà lẹ́yìn ìyẹn, yóò kàn dá SQLITE_OK padà, tí í ṣe òdo, kò sì ní ba nǹkan kan jẹ́. Kódà, bí a kò bá pè é rárá, sqlite3_open() yóò bá wa pè é lábẹ́nú, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń lo SQLite fún ọdún pípẹ́ láìmọ̀ pé function náà wà. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kí a máa pè é fúnra wa. A lè bá láíbírì tí wọ́n fi SQLITE_OMIT_AUTOINIT kọ̀ǹpáìlì pàdé, èyí tí kò ní ìpè abẹ́nú yẹn mọ́, ètò tó sì gbójú lé e yóò dojú dé. Ìdí tó tún ju èyí lọ ni sqlite3_config().

sqlite3_config() ni a fi ń yí ìṣètò gbogbogbò padà, irú bí ọwọ́ tí SQLite yóò fi mú thread, tàbí àwọn function tí yóò máa fi bèèrè mẹ́mọ́rì. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìṣètò wọ̀nyí gbọ́dọ̀ wáyé kí sqlite3_initialize() tó ṣẹlẹ̀, tàbí lẹ́yìn tí sqlite3_shutdown() bá ti parí. Bí a bá pè é láàárín méjèèjì, yóò dá SQLITE_MISUSE padà, ìyẹn nọ́ńbà 21, ìṣètò náà kò sì ní yí padà. Ẹ wo bí ó ṣe lè ṣẹlẹ̀: apá kan nínú ètò ti ṣí ibi ìpamọ́ dátà ní kùtùkùtù, ìpè abẹ́nú sì ti wáyé, apá mìíràn wá pe sqlite3_config(), kò sì wo ohun tó dá padà. Ètò náà yóò máa ṣiṣẹ́ lọ, ẹni tó kọ ọ́ yóò sì gbà pé ìṣètò tí òun fẹ́ ló wà níbẹ̀. Bí a bá kọ sqlite3_initialize() sí ojú kan pàtó, ẹnikẹ́ni tó bá ń ka kóòdù náà yóò rí ibi tí ìṣètò gbọ́dọ̀ parí sí.

Ìpele kejì ni ti ìsopọ̀, èyí tí sqlite3_open() ń dá sílẹ̀. Bí function yìí bá dá SQLITE_OK padà, ìyẹn kò fi hàn pé fáìlì náà pé. SQLite kì í yẹ inú fáìlì wò títí a ó fi bèèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà a lè fi fáìlì àwòrán lé e lọ́wọ́ kí ó sì gbà á, títí gbólóhùn SQL àkọ́kọ́ yóò fi mú SQLITE_NOTADB wá. Bẹ́ẹ̀ ni, bí ṣíṣí bá kùnà pàápàá, SQLite sábà máa ń fi ìsopọ̀ kan sínú pointer wa, kí a lè fi sqlite3_errmsg() bi í ohun tó ṣẹlẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ fi sqlite3_close() ti ìsopọ̀ yẹn. Ìgbà tí mẹ́mọ́rì kò bá tó láti dá a sílẹ̀ nìkan ni yóò fi NULL síbẹ̀. Ètò tó bá rí àṣìṣe, tó sì padà lẹ́yìn láìti ohunkóhun, ti jẹ́ kí mẹ́mọ́rì jò.

Ìpalẹ̀mọ́ máa ń gba ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ padà láti ẹ̀yìn. Gbólóhùn SQL tí a tò sílẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń tú, ìsopọ̀ ló tẹ̀ lé e, láíbírì ló kẹ́yìn:

    sqlite3 *db = NULL;
    sqlite3_stmt *st = NULL;
    int rc = sqlite3_initialize();
    if (rc == SQLITE_OK) rc = sqlite3_open("oja.db", &db);
    if (rc == SQLITE_OK) rc = sqlite3_prepare_v2(db, sql, -1, &st, NULL);
    /* ibi tí iṣẹ́ gan-an wà */
    sqlite3_finalize(st);
    int rc_titi = sqlite3_close(db);
    assert(rc_titi == SQLITE_OK);
    sqlite3_shutdown();

Ohun tó jẹ́ kí àwọn ìlà ìkẹyìn yìí wúlò ni pé sqlite3_finalize() àti sqlite3_close() kì í ṣe ohunkóhun bí a bá fi NULL lé wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, ibi yòówù tí nǹkan ti dojú rú, ọ̀nà àbájáde kan náà ni a ń gbà. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé mi ò kọ sqlite3_close() sínú assert, tó ń dá ètò dúró bí ohun tí a kọ sínú rẹ̀ kò bá jẹ́ òótọ́. Bí a bá fi NDEBUG kọ̀ǹpáìlì, gbogbo ohun tó wà nínú assert ni yóò pòórá, títì náà yóò sì bá a lọ.

sqlite3_close() lè kọ̀ láti ti ìsopọ̀. Bí ó bá ku gbólóhùn kan tí a kò tíì tú, tàbí ẹ̀dà-àfipamọ́ tí kò tíì parí, tàbí BLOB (ègé dátà ńlá, irú bí àwòrán) tó ṣì wà ní ṣíṣí, yóò dá SQLITE_BUSY padà, nọ́ńbà 5, ìsopọ̀ náà yóò sì wà ní ṣíṣí bó ṣe wà. Ìgbà yẹn ni kí a fi sqlite3_next_stmt() wá gbólóhùn tó ṣẹ́ kù, kí a sì fi sqlite3_sql() tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde, kí a lè mọ ẹni tó gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọdún 2012 ni sqlite3_close_v2() ti wà, òun kì í sì kọ̀: yóò sàmì sí ìsopọ̀ náà pé ó ti parí, yóò sì dúró títí gbólóhùn ìkẹyìn yóò fi di títú. Àwọn èdè tó ń fúnra wọn kó mẹ́mọ́rì nù ni wọ́n ṣe é fún, nítorí pé a kò lè mọ ohun tí irú èdè bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ kó. Nínú èdè C, mo fara mọ́ sqlite3_close() ju ìyẹn lọ, nítorí pé kíkọ̀ rẹ̀ máa ń fi àṣìṣe wa hàn wá ní kíákíá.

Bí a bá ti ìsopọ̀ nígbà tí ìdúnàádúrà kan kò tíì gba COMMIT, àṣẹ tó ń fi í múlẹ̀, SQLite yóò yí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ padà sẹ́yìn. Bí ibi ìpamọ́ dátà bá sì wà ní ipò WAL, níbi tí a ti kọ́kọ́ ń kọ àyípadà sínú fáìlì ọ̀tọ̀, ìsopọ̀ tó bá kẹ́yìn ló sábà máa ń kó ohun tó wà nínú fáìlì WAL lọ sínú fáìlì gidi, tí yóò sì pa fáìlì WAL rẹ́. Ẹni tó bá ń rí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí "-wal" lẹ́yìn tí ètò rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ bóyá títì náà wáyé ní tòótọ́.

sqlite3_shutdown() ló kẹ́yìn, kò sì sí onílé tó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò sínú: gbogbo ìsopọ̀ gbọ́dọ̀ ti di títì kí a tó pè é. Ó tún yàtọ̀ sí sqlite3_initialize() ní ti pé kò léwu láti pe sqlite3_initialize() láti inú thread púpọ̀, ṣùgbọ́n inú thread kan ṣoṣo ni a gbọ́dọ̀ ti pe sqlite3_shutdown(), nígbà tí àwọn yòókù kò bá lo SQLite mọ́. Lórí kọ̀ǹpútà ńlá, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń gba mẹ́mọ́rì padà nígbà tí ètò bá parí, nítorí náà ọ̀pọ̀ ètò kì í pè é, ohunkóhun kì í sì ṣẹlẹ̀. Ibi tó ti ṣe kókó ni ẹ̀rọ kékeré tí ètò kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, àti láíbírì tí a ń gbé wọlé tí a sì ń gbé jáde nígbà tí ètò ṣì ń lọ. Dátà tó ti gba COMMIT kò gbára lé e rárá. Bí iná bá lọ lójijì, fáìlì journal tàbí WAL ni SQLite yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tí a bá tún ṣí i.

Báwo wá ni a ṣe lè mọ̀ pé ìpalẹ̀mọ́ wa péye? Ọ̀nà kan tó rọrùn ni kí ìdánwò kọ̀ọ̀kan wo sqlite3_memory_used() kí ó tó ṣí ìsopọ̀, kí ó sì tún wò ó lẹ́yìn títì. Bí báìtì bá ṣẹ́ kù, ohun kan kò tíì di títú. ":memory:" yára púpọ̀ fún ìdánwò gbólóhùn SQL, ṣùgbọ́n kò lè dán fáìlì, WAL tàbí àṣìṣe dísìkì wò, nítorí náà fáìlì onígbà díẹ̀ ṣì ní ipò tirẹ̀.

Ìdánwò tí mo kà sí èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ ni ti àìtó mẹ́mọ́rì. Bí àwọn tó ń ṣe SQLite ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n fi malloc tiwọn rọ́pò ti ẹ̀rọ, èyí tí a lè ṣe pẹ̀lú SQLITE_CONFIG_MALLOC, wọ́n jẹ́ kí ìbéèrè àkọ́kọ́ fún mẹ́mọ́rì kùnà, wọ́n sì ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, wọ́n tún un ṣe kí ìkejì kùnà, lẹ́yìn náà ìkẹta, títí iṣẹ́ náà yóò fi parí láìsí pé ìkùnà kankan kàn án. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń ṣe ìyípo yìí, èyí tí ìbéèrè kan ṣoṣo ti kùnà, àti èyí tí gbogbo ìbéèrè tó tẹ̀ lé e náà ti kùnà. A lè ṣe irú rẹ̀ fún kóòdù tiwa, nítorí pé ìgbà yẹn nìkan ni ọ̀nà àbájáde tí mo kọ sókè yìí máa ń gba gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. VFS tí a fọwọ́ ara wa kọ lè ṣe ohun kan náà fún kíkà àti kíkọ dísìkì, kí a sì fi PRAGMA integrity_check yẹ fáìlì wò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀dà 3.42.0, tó jáde ní ọdún 2023, ní nǹkan bí ìlà kóòdù 155,800, kóòdù ìdánwò rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù 92 ìlà lọ, ìlọ́po 590.

Ìdánwò kan tún wà tí a kì í sábà rí: kí a ṣe ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ àti ìpalẹ̀mọ́ léraléra nínú ètò kan náà láìjáde. Yóò tú àṣírí pointer tó ṣì ń tọ́ka sí ìsopọ̀ àná. Yóò sì fi hàn pé sqlite3_shutdown() máa ń pa gbogbo ohun tí a fi sqlite3_auto_extension() forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rẹ́, tó fi jẹ́ pé function SQL tó ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìyípo àkọ́kọ́ yóò di èyí tí SQLite kò mọ̀ rí ní ìyípo kejì, àfi bí kóòdù ìbẹ̀rẹ̀ wa bá tún un forúkọ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà.