Ìdí Tí Kílò Mẹ́ta Tó Kẹ́yìn Fi Ń Lọ́ra Lára Ẹni Tó Ti Kéré Tẹ́lẹ̀

Ẹni tó wọ̀n kílò 85 tó ń fẹ́ bọ́ sí 75, àti ẹni tó wọ̀n kílò 55 tó ń fẹ́ bọ́ sí 52, iṣẹ́ tó wà níwájú wọn kò jọra rárá. Ẹni àkọ́kọ́ lè jáwọ́ nínú ìpápánu àti ohun mímu aládùn nìkan, kí òṣùwọ̀n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ kí oṣù tó parí. Ẹnì kejì lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ kó má rí ìyàtọ̀ kankan. Ọ̀pọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa ń rò pé nǹkan kan ń ṣe ara àwọn, tàbí pé àwọn ò lè kó ara àwọn níjàánu. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ara kékeré kì í ná agbára púpọ̀ ni. Àlàfo tó lè wà láàárín ohun tó ń jẹ àti ohun tó ń ná kò fẹ̀, àṣìṣe tí ara ńlá máa gbé mì láìmọ̀ sì lè dí i pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìlànà kan wà tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ fi ń díwọ̀n kálórì, ìyẹn ìwọ̀n agbára inú oúnjẹ, tí ara ń ná nínú ìsinmi, ìyẹn kí ọkàn máa lù, kí èémí máa wọlé kó máa jáde, kí ọpọlọ máa ṣiṣẹ́. Mifflin-St Jeor ni wọ́n ń pè é, ọdún 1990 ló sì jáde. Fún obìnrin, ẹ mú ìlọ́po 10 kílò tí ara wọ̀n, ẹ fi ìlọ́po 6.25 gíga rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kún un, ẹ yọ ìlọ́po 5 ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì tún yọ 161. Fún ọkùnrin, ọ̀nà kan náà ni, àfi pé dípò kí ẹ yọ 161 kẹ́yìn, ṣe ni ẹ máa fi 5 kún un.

Obìnrin ẹni ọdún 30 tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 160 tó sì wọ̀n kílò 55 máa rí 1,239. Bó bá jẹ́ pé orí ìjókòó ló ti ń ṣiṣẹ́, tó sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ìlọ́po 1.375 iye yẹn, ìyẹn nǹkan bíi 1,700, ni ara rẹ̀ ń ná lóòjọ́. Obìnrin tó bá a dọ́gba ní gíga àti ọjọ́ orí ṣùgbọ́n tó wọ̀n kílò 85 ń ná nǹkan bíi 2,100. Ìmọ̀ràn tó gbòde kan ni pé kéèyàn dín kálórì 500 kù lóòjọ́. Bí ẹni kílò 85 bá dín in kù, ó ṣì ń jẹ 1,600, oúnjẹ tó bójú mu ni. Bí ẹni kílò 55 bá dín in kù, 1,200 ló kù fún un, ìyẹn ò tó ohun tí ara rẹ̀ máa ná ká tiẹ̀ ní ó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀ dalẹ́. Ìmọ̀ràn tó wúlò fún ẹnì kan lè jẹ́ ebi fún ẹlòmíì.

Àlàfo tó bá ara kékeré mu kì í ju ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ń ná lọ. Fún obìnrin wa yìí, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi kálórì 170 sí 250 lóòjọ́. Kílò ọ̀rá kan sì ní nǹkan bíi kálórì 7,700 nínú. Ẹni tó bá ń dín 250 kù lójoojúmọ́ láìyẹ̀ máa lo nǹkan bí oṣù kan kí kílò kan tó lọ. Kílò mẹ́ta jẹ́ iṣẹ́ oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sọ́kàn ti fi ara rẹ̀ sínú ìjákulẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ìṣirò yìí tó wúlò, ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá ọ̀rá tó yẹ kó lọ wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Ẹ fi gíga ní mítà pín kílò ara, kí ẹ tún fi gíga yẹn kan náà pín ohun tó bá jáde. BMI nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka 18.5 sí 24.9 sí ìwọ̀n tó dára fún àgbàlagbà. Ẹni tó ga ní mítà 1.60 tó wọ̀n kílò 55 wà ní 21.5. Bó bá dé 52, á wà ní 20.3, kò sí ewu níbẹ̀. Bó bá di pé kílò 47 ló ń wá, ó ti kọjá ààlà, torí 18.5 fún gíga yẹn jẹ́ nǹkan bíi kílò 47.4. Aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, àti ẹni tí oúnjẹ ti bá jà rí débi pé ó ń febi pa ara rẹ̀ tàbí tó ń fipá bì í, kò yẹ kí wọ́n dáwọ́ lé e láìsí dókítà.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù lọ ni ìwọ̀n oúnjẹ. Ẹ wo ọwọ́ tó ń da òróró sínú páànù: ó yí ìgò náà dà, òróró tàn kálẹ̀, ojú sọ pé ó ṣì kéré, ọwọ́ tún fi díẹ̀ sí i. Ṣíbí ìjẹun kan òróró tó kún jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 14, kálórì 120 ló sì wà nínú rẹ̀. Ṣíbí méjì péré, àlàfo ọjọ́ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó dáná náà ò ní kà á sí oúnjẹ rárá, torí kò sí níbi tójú ti lè rí i nínú àwo mọ́. Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ láti mú un ni kí a gbé odindi ìgò òróró ka orí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, ká tẹ bọ́tìnnì tó ń dá a padà sí òdo, ká gbé e kúrò, ká da òróró, ká sì dá ìgò náà padà sórí rẹ̀. Iye tí òṣùwọ̀n bá fi hàn pé ó dín ni ohun tó wọ páànù. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan náà ńkọ́? Nǹkan bíi gíráàmù 30, tó sì sún mọ́ kálórì 170.

Àṣìṣe míì tó ń tan àwọn tó tiẹ̀ ń fi òṣùwọ̀n wọn nǹkan ni tútù àti sísè. Gíráàmù 100 ìrẹsì tútù ní nǹkan bíi kálórì 360. Gíráàmù 100 ìrẹsì tó ti jinná ní nǹkan bíi 130, torí omi ló kó ìwọ̀n yòókù. Ẹni tó bá wọn tútù, tó wá lọ kọ iye ti èyí tó jinná sílẹ̀, ti fi kálórì 230 pa mọ́ fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dájú pé á máa sọ fún gbogbo èèyàn pé 1,450 lòun ń jẹ, kò sì purọ́. Ohun tó kọ sílẹ̀ ni kò bá ohun tó wọ ẹnu mu.

Òpin ọ̀sẹ̀ náà ní tirẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún tí èèyàn dín 250 kù jẹ́ 1,250. Bó bá jẹ 600 ju ohun tó ń ná lọ ní Sátidé, tó sì tún jẹ 600 bẹ́ẹ̀ ní Sọ́ńdè, 1,200 ti padà wọlé. Èrè gbogbo ọ̀sẹ̀ ku 50. Lójú ara rẹ̀, ọjọ́ márùn-ún nínú méje ló fi ṣọ́ ẹnu, ìyẹn sì jẹ́ òtítọ́.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé aago ọwọ́ tó ń ka kálórì. Ìrìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kì í jẹ́ kí ara kílò 55 ná ju nǹkan bíi 70 sí 100 lọ lórí ohun tí ì bá ná lórí ìjókòó. Aago lè sọ iye tó jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ẹni tó bá sì fi oúnjẹ san iye tí aago sọ padà á pàdánù. Ìrìn náà dára o, kó má dúró. Kí a kàn má fi ra oúnjẹ ni.

Ká tiẹ̀ wá ní gbogbo èyí ti tọ́. Òṣùwọ̀n ṣì lè má fi hàn. Àlàfo 250 lóòjọ́ ń yọ nǹkan bíi gíráàmù 230 ọ̀rá lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n omi inú ara lè gòkè tàbí kó sọ̀kalẹ̀ ní kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Oúnjẹ oníyọ̀ máa ń dá omi dúró. Oúnjẹ afúnnilágbára tí ara kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ máa ń di omi tó tó ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ mú. Iṣan tó ń ro èèyàn lẹ́yìn eré ìdárayá tuntun máa ń wú. Ìgbẹ́ tí kò tíì jáde ní ìwọ̀n tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ọjọ́ tó ṣáájú nǹkan oṣù máa ń fi kílò kan tàbí méjì kún un. Ọ̀rá lè ti ń lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kí omi sì máa bò ó mọ́lẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ kan ni òṣùwọ̀n á kàn dédé já wálẹ̀. Àárín àkókò yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ máa ń jáwọ́, tàbí kí wọ́n tún dín oúnjẹ kù sí i nígbà tí kò yẹ. Ó máa ń dunni.

Torí náà, kí a wọn ara láràárọ̀, lẹ́yìn ìtọ̀, kí omi tàbí oúnjẹ tó kan ẹnu, láìwọ aṣọ tó wúwo. Kí a má fi ọjọ́ kan ṣoṣo dájọ́. Kí a ro iye ọjọ́ méje pọ̀, ká fi méje pín in, ká wá fi ìyẹn wé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù máa rí òótọ́ jù bó bá fi ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé nǹkan oṣù yìí wé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ti oṣù tó kọjá. Téèpù aránṣọ náà dára: ká mí síta, ká fi yí ikùn ká ní ìdodo, ká má fún un, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá láìsí ìyípadà nínú òṣùwọ̀n àti téèpù, a jẹ́ pé àlàfo náà kò sí. Kí a padà sórí ìwọ̀n oúnjẹ kí a tó dín nǹkan kan kù.

Ara náà ò káwọ́ gbera. Bí ọ̀rá bá ń dín kù, họ́mọ̀nù leptin tó ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ wà nílẹ̀ á dín kù, ghrelin tó ń pe ebi á pọ̀ sí i. Èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó pẹ́ láìfura, á máa gba ẹ̀rọ agbéniròkè dípò àtẹ̀gùn, á dẹ́kun mímì ẹsẹ̀. Àwọn ìṣípòpadà kéékèèké yìí nìkan lè jẹ ìdajì àlàfo náà. Ẹni tó bá ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì rí i pé ó ti wá láti 8,000 sí 5,500, ti rí ibi tó ń jò.

Ohun tó ń lọ náà ṣe pàtàkì. Ara tó ń rí oúnjẹ díẹ̀ lè jẹ iṣan rẹ̀ mọ́ ọ̀rá, lẹ́yìn náà òṣùwọ̀n á sọ̀kalẹ̀ ṣùgbọ́n ikùn á wà níbi tó wà. Purotéènì àti eré ìdárayá tó nira ló ń dáàbò bo iṣan. Gíráàmù 1.6 sí 2.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan ló dára, ìyẹn nǹkan bíi 90 sí 120 lóòjọ́ fún kílò 55, ká pín in sí oúnjẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹyin ńlá kan ní gíráàmù purotéènì 6. Gíráàmù 100 àyà adìyẹ tó ti jinná ní nǹkan bíi 30. Ní ti eré, kí a gbé irin, lóṣòó pẹ̀lú ẹrù kí a sì dìde, tàbí fọwọ́ ti ilẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta lọ́sẹ̀, débi pé èyí tó kẹ́yìn nínú ìgbà 8 sí 12 máa ṣòro. Ìdárayá ikùn kì í yọ ọ̀rá ikùn. Ara fúnra rẹ̀ ló ń yan ibi tó ti máa mú un.

Fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ti kéré, ìhín gan-an ni ìdáhùn wà. Bó bá jẹ́ pé bí ara ṣe rí nínú dígí ni ìṣòro, kí a jẹ ohun tí ara ń ná láìdín in kù, kí a gbé irin fún oṣù mẹ́fà, kí a sì gbàgbé kílò mẹ́ta náà. Ìwọ̀n lè má yí padà, kí ìbàdí ṣòkòtò sì tú.

Ẹni tó bá ṣì ń dín in kù, kó padà sí 1,700 fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kó sì máa sùn ó kéré tán wákàtí méje. Àìsùn ń mú ebi le.

Àmì kan wà tí kò yẹ kí a fojú fò dá. Bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, bí òtútù bá ń mú èèyàn níbi tí ẹlòmíì ti ń làágùn, bí irun bá ń já, bí òòyì bá ń kọ́ni, bí egungun bá ń sán látàrí eré kékeré, bí oúnjẹ bá gba ọkàn láti àárọ̀ dalẹ́ tàbí bí ẹ̀rí ọkàn bá ń dani láàmú lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ, kí a dá a dúró lọ́jọ́ náà, kí a sì rí dókítà. Ìgbìmọ̀ Olympic Àgbáyé fún irú ipò yìí lórúkọ ní 2014: RED-S, àìtó agbára nínú eré ìdárayá. Egungun tó bá fúyẹ́ nínú rẹ̀ lè má padà bọ̀ sípò pátá, ọ̀dọ́ ló sì máa ń mú un jù.

Bí 52 bá dé, kí a dá oúnjẹ padà, 100 kálórì lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Omi á wọlé pẹ̀lú rẹ̀, òṣùwọ̀n lè gòkè ní ìdajì kílò tàbí kílò kan. Kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ wá fi ìlànà tòkè yẹn ṣírò ara tuntun náà: 1,209 nínú ìsinmi, nǹkan bíi 1,660 lóòjọ́. Ìyàtọ̀ láàárín oúnjẹ tó ń di 55 mú àti èyí tó ń di 52 mú jẹ́ nǹkan bí ogójì kálórì, ìyẹn ìdá mẹ́ta ṣíbí òróró kan.