Ta Ni Olùkọ́ Tuntun Yóò Bi Léèrè? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Fún Àwọn Olùkọ́ Yorùbá Nílùú Àbújá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, àwọn olùkọ́ tuntun tí wọ́n jẹ́ Yorùbá ní Kubwa, Nyanya àti Gwagwalada máa ń kó ìbéèrè kan náà wá bá mi: báwo ni ẹni tí kò ní alábàáṣiṣẹ́ nítòsí ṣe lè rí àwọn tí yóò máa kọ́ ọgbọ́n iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́, èmi nìkan ṣoṣo ni mo sì ń kọ́ ọ níléèwé wa, nítorí náà mo mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń rí lára.

Mo ti wọ ẹgbẹ́ méjìlá lórí WhatsApp àti Telegram. Kí ló dé tí n kò tíì rí ẹni tí mo lè bi léèrè?

Ẹgbẹ́ WhatsApp kan lè gba ènìyàn 1,024, ti Telegram sì lè gba 200,000. Nínú irú èrò bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ yóò rí i pé kí ilẹ̀ tó mọ́, àdúrà òwúrọ̀, ìkíni ọjọ́ ìbí àti ìpolówó ọjà ti bo ìbéèrè rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wo ọjà Wúsè: èrò ń wọ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí a ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́ ló ń ṣa tòmátì tó dára sápá kan dè wá. Ẹni mẹ́fà tàbí méje tí wọ́n mọ irú kíláàsì tí ẹ ń kọ́, tí wọ́n sì rántí ibi tí ẹ bá ọ̀rọ̀ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ni mo ń pè ní alábàákọ́gbọ́n. Inú ẹgbẹ́ ńlá la ti ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń gba oṣù mélòó kan.

Báwo ni mo ṣe lè béèrè ọ̀rọ̀ tí àwọn tí kò mọ̀ mí rí yóò fi dá mi lóhùn?

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, mo kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ kan pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, mo nílò nóòtì iṣẹ́ lórí àmì ohùn." Ẹnì kan fi fáìlì kan ránṣẹ́, n kò sì rí ohunkóhun nínú rẹ̀ tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún ìbéèrè náà kọ:

"Ẹ káalẹ́ o. JSS 1 ni mo ń kọ́ ní Kubwa. Ọmọ méjìdínlógójì ni wọ́n, nǹkan bí ìdajì wọn ló ń sọ Hausa tàbí Gbagyi nílé. Mo kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sójú pátákó. Wọ́n pè wọ́n tẹ̀lé mi dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí wọ́n fi àmì sí i fúnra wọn, bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ ni wọ́n ń fi í. Mo ti fi dò-re-mí kọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni kí n ṣe lọ́jọ́bọ̀?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìdáhùn mẹ́rin ti wọlé. Èyí tí n kò lè gbàgbé wá láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ èdè Hausa kan ní Zaria, tó gbọ́ Yorùbá. Ó ní èdè Hausa náà ní ohùn, pé wọn kì í kàn fi àmì rẹ̀ hàn nínú ìwé tí wọ́n ń kọ lójoojúmọ́ ni. Ó fi *wuya* ṣe àpẹẹrẹ: ọ̀kan túmọ̀ sí ọrùn, èkejì túmọ̀ sí ìṣòro, bákan náà ni wọ́n ń kọ méjèèjì, ohùn ló sì yà wọ́n. Ó wá ṣàlàyé pé etí àwọn ọmọ Hausa inú kíláàsì mi ti mọ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ láti ilé wọn, ohùn àárín ni àjèjì sí wọn nítorí pé èdè wọn kò ní in. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí *wuya*, kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ náà fi ọwọ́ ṣàfihàn ibi tí ohùn ti gòkè àti ibi tó ti wálẹ̀, kí n tó mú ohùn àárín wọlé. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí kì í lanu sọ̀rọ̀ ní kíláàsì mi ló kọ́kọ́ dìde, tó ń gbé ọwọ́ sókè tó ń sọ ọ́ kalẹ̀, tó ń pe *wuya* fún àwa yòókù kí á máa pè é tẹ̀lé e.

Ẹ padà wo ìbéèrè kejì yẹn. Kíláàsì wà níbẹ̀, iye ọmọ wà níbẹ̀, ohun tí mo ti gbìyànjú, ibi tó ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ àti ọjọ́ tí mo nílò ìdáhùn náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo padà lọ jábọ̀ fún wọn, títí kan ibi tí kò tíì yọrí, nítorí pé odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni ohùn àárín tún gbà wá. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kì í jábọ̀, ó sì ń dùn mí, nítorí pé ẹni tó bá gbani nímọ̀ràn tí kò gbọ́ ibi tó já sí kì í sábà yá láti dáhùn lẹ́ẹ̀kejì.

Olùkọ́ tuntun ni mí. Kí ni mo ní tí mo lè fún àwọn àgbà?

Ní àwọn ọdún 1970, Jean Lave, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí láàárín àwọn aránṣọ ní orílẹ̀-èdè Làìbéríà. Ó rí i pé iṣẹ́ ìparí, bíi rírán bọ́tìnì mọ́ aṣọ àti kíká etí aṣọ, ni ọmọ-iṣẹ́ ń kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ló ń kọ́ rírán, gígé aṣọ ló sì ń gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ rí nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí lọ́dọ̀ wa. Láàárín àwọn olùkọ́ náà, iṣẹ́ ìparí wà fún ẹni tuntun. Èmi kó àwọn ìdáhùn mẹ́rin yẹn jọ, mo tẹ̀ wọ́n sójú ewé kan pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, mo sì dá a padà sínú ẹgbẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá kan tó ti ń kọ́ Yorùbá tipẹ́ n'Íbàdàn pè mí, pé kí n jọ̀wọ́ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tẹ àmì ohùn lórí fóònù. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń gbé ìṣòro ewì àti òwe lọ.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ ṣeé gbára lé?

Bó bá jẹ́ ìlànà-ẹ̀kọ́, ẹ fi wé ti NERDC, àjọ tó ń ṣètò rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ wọn wà nítòsí wa ní Sheda. Àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń pín kiri. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ olùkọ́ tàbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, ń béèrè, ọ̀dọ̀ àjọ náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti wádìí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ṣé mo lè fi fọ́tò àwọn ọmọ kíláàsì mi ránṣẹ́ síbẹ̀?

Rárá, àfi bí òbí wọn àti ọ̀gá iléèwé bá fọwọ́ sí i. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tó múlẹ̀ ní Àbújá, dáàbò bo àṣírí ọmọ, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 sì béèrè ìfọwọ́sí òbí. Ẹ ya fọ́tò ojú pátákó tàbí ojú ewé ìwé tí kò ní orúkọ. Ohun tí olùkọ́ ẹgbẹ́ yín nílò wà níbẹ̀.

Dátà àti àkókò ńkọ́?

Ẹ pa àṣẹ tó ń jẹ́ kí fídíò máa wọlé fúnra rẹ̀, kí ẹ sì yan alẹ́ méjì lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ẹgbẹ́ tí ẹ kò bá ti rí nǹkan kan kọ́ nínú rẹ̀ láàárín sáà kan, ẹ dágbére, kí ẹ jáde. Èmi jáde nínú mẹ́sàn-án nínú méjìlá tèmi. Kí n tó jáde, mo kọ̀wé lọ́tọ̀ sí gbogbo ẹni tó ti dá mi lóhùn rí níbẹ̀, mo sì tọrọ àyè láti máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn tààrà. Ẹni márùn-ún ló gbà, olùkọ́ Zaria yẹn sì wà lára wọn.