Ta Ló Láṣẹ Lórí Fódà Tí Sọ́fítíwíà Rẹ Wà?

Bí a bá ń fi sọ́fítíwíà tuntun sórí kọ̀ǹpútà, ó sábà máa ń béèrè fódà tí a fẹ́ kí ó kó àwọn fáìlì rẹ̀ sí, òun fúnra rẹ̀ á sì ti kọ orúkọ fódà kan síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka orúkọ náà kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣe sọ́fítíwíà ni ó ti bá gbogbo wa yàn, ọ̀ràn yìí sì gbẹgẹ́ jù lọ nínú sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, nítorí pé oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà tí àwọn tí ó kọ ọ́ kò fojú rí rí ni wọn yóò gbé e lọ.

Ìbéèrè tí mo gbà pé ó ṣáájú gbogbo ìbéèrè ni èyí: ta ni ó lè kọ nǹkan sínú fódà náà? Lórí Windows, ẹni tí kò ní àṣẹ alábòójútó kò lè yí ohun tí ó wà nínú C:\Program Files padà. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí fódà tuntun sí abẹ́ C:\ gan-an, tí a kò sì tún àṣẹ rẹ̀ ṣe, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní àkáǹtì lórí kọ̀ǹpútà náà lè fi fáìlì síbẹ̀. Ẹni tí ó fi sọ́fítíwíà síbẹ̀ dà bí ẹni tí ó gbé àpótí owó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ayálégbé ń gbà kọjá.

Ó ṣẹlẹ̀ sí OpenSSL, irinṣẹ́ tí àìmọye sọ́fítíwíà ń lò láti dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí ń kọjá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2019, àwọn tí ń bójú tó o kéde àléébù tí a mọ̀ sí CVE-2019-1552. Fódà /usr/local, tí ó bá Linux (ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows) àti àwọn ìbátan rẹ̀ mu, ni wọ́n yàn fún àwọn ẹ̀dà kan tí ó jẹ́ pé orí Windows ni wọn yóò ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dé orí Windows, C:\usr\local ni wọ́n ń wò, fódà tí ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí. Ẹni ibi tí ó ní àkáǹtì lásán lè yí ètò OpenSSL padà níbẹ̀, kódà ó lè fi ìwé ẹ̀rí ayédèrú (certificate, èyí tí a fi ń dá ojúlówó ìkànnì mọ̀) kún èyí tí OpenSSL gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n ka ewu náà sí kékeré nítorí pé àwọn tí ó kàn kò pọ̀, wọ́n sì ṣàtúnṣe rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ohun tí ó ṣe kóòdù ìdáàbòbò náà fúnra rẹ̀. Fódà tí wọ́n yàn ni ó ṣílẹ̀kùn.

Lórí Linux, ìlànà FHS (Filesystem Hierarchy Standard, tí ó ń sọ ohun tí fódà kọ̀ọ̀kan wà fún), tí ẹ̀dà 3.0 rẹ̀ jáde ní ọdún 2015, ya àwọn ibùgbé náà sọ́tọ̀. /usr jẹ́ ti àwọn tí ó ṣe ètò Linux tí ò ń lò. /usr/local jẹ́ ti alábòójútó kọ̀ǹpútà, kí àtúnṣe tuntun má baà pa ohun tí ó fi síbẹ̀ rẹ́. /opt sì wà fún sọ́fítíwíà àfikún. Má ṣe kó ohun tí o fọwọ́ ara rẹ kọ́ láti inú kóòdù sínú /usr.

/usr/local náà ní ìṣòro tirẹ̀. Lórí Debian àti Ubuntu, tí wọ́n jẹ́ oríṣi Linux, bí o bá tẹ orúkọ sọ́fítíwíà kan láti fi pè é, kọ̀ǹpútà máa ń wá a ní /usr/local/bin kí ó tó dé /usr/bin. Bí ẹ̀dà àtijọ́ kan bá wà níbẹ̀ tí o ti gbàgbé, àtúnṣe ààbò lè wọ /usr/bin, kí ó sì jẹ́ pé èyí àtijọ́ ni ò ń lò lójoojúmọ́. Bí o bá fẹ́ yẹ python3 wò, bí àpẹẹrẹ, tẹ type -a python3 sínú tẹ́mínà (fèrèsé tí a ń tẹ àṣẹ sí): gbogbo èyí tí ó wà yóò jáde, èyí tí ó bá sì wà lókè pátápátá ni ò ń lò.

Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ ti ibi iṣẹ́, tí o kò sì láṣẹ alábòójútó, kó sọ́fítíwíà sí abẹ́ fódà tìrẹ, bí àpẹẹrẹ $HOME/.local, bí ibi iṣẹ́ bá fàyè gbà á. Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni alábòójútó, ibi ìkó-sọ́fítíwíà ètò Linux rẹ ni kí o kọ́kọ́ wò. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí o ní láti fọwọ́ ara rẹ kọ́ ọ, fún un ní fódà tirẹ̀ nínú /opt nípasẹ̀ --prefix (ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ fódà tí a fẹ́ nígbà tí a bá ń kọ́ ọ), kí ó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ yọ ọ́ kúrò, fódà kan ṣoṣo ni ìwọ yóò pa rẹ́.