Síso sẹ́ńsọ̀ ánálọ́ọ̀gì àti ojú ìfihàn mọ́ màíkírókọ́ńtírólà

Síso sẹ́ńsọ̀ ánálọ́ọ̀gì àti ojú ìfihàn mọ́ màíkírókọ́ńtírólà ni iṣẹ́ fífi wáyà àti prógíráàmù mú kí kọ̀ǹpútà kékeré orí ṣípù kan mọ bí nǹkan ṣe gbóná tó, bí omi ṣe ga tó tàbí bí bátìrì ṣe kún tó, kí ó sì kọ ọ́ síta fún ojú láti rí. Sẹ́ńsọ̀ ánálọ́ọ̀gì kì í sọ nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Fólítì ló ń gbé jáde, fólítì náà á sì máa lọ sókè sódò bí ohun tí wọ́n ń wọ̀n ṣe ń yí padà. Ní Òṣogbo, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ibi tí iṣẹ́ yìí ti lè wúlò kò jìnnà: bátìrì ínfátà inú ilé, tàǹkì omi, àti ìkòkò aró, nítorí ìlú aró ni wọ́n ń fi oríkì pe ìlú náà.

Bí ṣípù ṣe ń ka fólítì

Arduino Uno, tó ń lo ṣípù ATmega328P, ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ ánálọ́ọ̀gì mẹ́fà, A0 dé A5. Ẹ̀yà ADC inú rẹ̀, èyí tó ń sọ fólítì di nọ́ńbà, jẹ́ ti bíìtì 10: ó ń pín àlàfo láti òdo dé fólítì òṣùwọ̀n (fólítì tí ó fi ń wọn ohun tó bá wọlé) sí ìpele 1024, nọ́ńbà tó ń dá padà sì máa ń wà láàárín 0 sí 1023. Bí fólítì òṣùwọ̀n bá jẹ́ 5, ìpele kan jẹ́ 4.88 mV. Kíkà kan ń gba nǹkan bí 0.1 mílísẹ́kọ́ńdù.

ESP32, màíkírókọ́ńtírólà tó ní Wi-Fi, jẹ́ ti bíìtì 12, 0 dé 4095, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rí ju 3.3 fólítì lọ, kíkà rẹ̀ kì í sì tọ́ ní ìsàlẹ̀ pátápátá àti ní òkè pátápátá. Lórí ESP32 àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ ADC2 kì í ṣeé kà nígbà tí Wi-Fi bá ń ṣiṣẹ́. GPIO 32 sí 39 ni kí a lò. Raspberry Pi Pico náà jẹ́ ti bíìtì 12, pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́ta, GP26 dé GP28.

Lórí gbogbo wọn, nọ́ńbà tí ADC dá padà kì í ṣe fólítì. Ìfiwéra ni: fólítì sẹ́ńsọ̀ sí fólítì òṣùwọ̀n. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí wọ́n ń dá sẹ́ńsọ̀ lẹ́bi fún, ọ̀dọ̀ òṣùwọ̀n yìí tàbí wáyà ilẹ̀ ló ti wá.

Ìsopọ̀ àwọn sẹ́ńsọ̀

Pọténṣómítà 10 kΩ ló rọrùn jù. Ẹsẹ̀ ìkángun kan á lọ sí 5 fólítì, èkejì sí ilẹ̀, èyí tí wọ́n kọ GND sí lára bọ́ọ̀dù, ti àárín á sì lọ sí A0. Bí nọ́ńbà bá lọ láti 0 dé 1023 láì fò, wáyà àti prógíráàmù ti tọ́ kí sẹ́ńsọ̀ gidi tó dé. Ẹsẹ̀ tí a kò so nǹkan kan mọ́ á máa fi nọ́ńbà ségesège hàn; kò tíì bàjẹ́, afẹ́fẹ́ ló ti ń gbá fólítì.

Sẹ́ńsọ̀ ìgbóná LM35 ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Bí ojú pẹrẹsẹ rẹ̀ bá kọjú síni tí ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀, ti òsì ni iná (4 sí 30 fólítì), ti àárín ni àbájáde, ti ọ̀tún ni ilẹ̀. Ó ń gbé 10 mV jáde fún dígíríì Celsius kọ̀ọ̀kan. Bí a bá so ó ní òdìkejì, á gbóná kíákíá, ó sì lè má padà bọ̀ sípò. Ojú rẹ̀ jọ ti tiransísítọ̀ kékeré, nítorí náà àkọlé ara rẹ̀ ni kí a kà, kì í ṣe ìrísí. Fún wáyà gígùn, rẹsísítọ̀ 2 kΩ lórí àbájáde, nítòsí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀, ni kì í jẹ́ kó máa gbọ̀n. TMP36 jọ ọ́, àmọ́ 500 mV ló fi ṣe òdo rẹ̀, kí ó lè ka òtútù tó wà lábẹ́ òdo: ní 25 °C, 750 mV ló ń gbé jáde.

Támísítọ̀ NTC 10 kΩ, rẹsísítọ̀ tí iye rẹ̀ ń dín kù bí ó bá ń gbóná, kò wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Rẹsísítọ̀ 10 kΩ á wà láti 5 fólítì dé A0, támísítọ̀ á wà láti A0 dé ilẹ̀. Bí n bá jẹ́ nọ́ńbà tí ADC kà, tí R sì jẹ́ iye óòmù támísítọ̀, R = 10000 × n ÷ (1023 − n). Lẹ́yìn náà, fún èyí tí B rẹ̀, nọ́ńbà tí àwọn tó ṣe é kọ, jẹ́ 3950, 1/T = 1/298.15 + ln(R/10000)/3950, T, ìgbóná náà, á sì wà ní Kelvin. Bí wáyà támísítọ̀ bá já, n á di 1023, prógíráàmù á sì fi òdo pín. Kí prógíráàmù kọ́kọ́ yẹ n wò kí ó tó pín. Sẹ́ńsọ̀ ìmọ́lẹ̀ LDR ń gba ọ̀nà kan náà.

Bátìrì ínfátà 12 fólítì lè dé 14.4 nígbà tó bá ń gba iná, nítorí náà rẹsísítọ̀ méjì ló gbọ́dọ̀ pín in. 30 kΩ lókè àti 10 kΩ nísàlẹ̀ ń sọ 14.4 di 3.6 fólítì, èyí tó bá Uno mu. Fún ESP32, 47 kΩ àti 10 kΩ ń sọ ọ́ di nǹkan bí 2.5. Àwọn tó ń fẹ́ fi iná pamọ́ a máa lo 300 kΩ àti 100 kΩ. Ìpín náà kò yí padà, ṣùgbọ́n kíkà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì: kapásítọ̀ kékeré kan wà nínú ADC tó gbọ́dọ̀ kún kí kíkà tó parí, àwọn tó ṣe ATmega328P sì ní kí ohun tó ń kún un má ju 10 kΩ lọ. Kapásítọ̀ 100 nF láti ẹsẹ̀ náà sí ilẹ̀ á gbà á là, bí ohun tí a ń wọ̀n kò bá ń yára yí padà. Kí a fi mítà wọn rẹsísítọ̀ méjèèjì, nítorí èyí tí wọ́n kọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sí lè ya tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Ìkòkò aró ló le jù nínú àwọn àpẹẹrẹ yìí. Omi eérú ń gbé iná, nítorí náà LM35 gbọ́dọ̀ wà nínú páìpù tí ìdí rẹ̀ dí, kí omi má kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ pH tún ni ọ̀tọ̀. Nǹkan bí 59 mV ló ń gbé jáde fún ìpele pH kan ní 25 °C, ṣùgbọ́n rẹsísítánsì inú gíláàsì rẹ̀ ń ka mẹ́gáóòmù lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí a bá so ó tààrà mọ́ A0, ADC kò ní rí nǹkan kan gidi. Láfikún, nínú omi tí pH rẹ̀ ju 7 lọ, bí ti aró, fólítì rẹ̀ ń lọ sábẹ́ òdo. Bọ́ọ̀dù kékeré tó ní ámpílífáyà ló gbọ́dọ̀ wà láàárín, láti gbé òdo náà sókè sí nǹkan bí 2.5 fólítì.

Fún gíga omi nínú tàǹkì, sẹ́ńsọ̀ MPX5010 ń wọn agbára omi láti 0 dé 10 kPa, èyí tó tó mítà kan omi, ó sì ń gbé 450 mV jáde fún kPa kan. Sẹ́ńsọ̀ ọ̀rinrin ilẹ̀ tó jẹ́ fọ́ọ̀kì irin máa ń jẹrà bí iná bá wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹsẹ̀ dígítà kan ni kí ó máa fún un níná nígbà kíkà nìkan.

Fólítì òṣùwọ̀n àti wáyà ilẹ̀

Oríṣi sẹ́ńsọ̀ méjì ló wà lójú ADC. Támísítọ̀, LDR, pọténṣómítà àti MPX5010 ń gba iná láti ibi kan náà tí òṣùwọ̀n ti wá. Bí iná bá lọ sílẹ̀, méjèèjì jọ lọ sílẹ̀, ìfiwéra kò sì yí padà. LM35, TMP36 àti bátìrì kò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní ṣájà fóònù kan gbé 4.7 fólítì wá dípò 5. Ní 30 °C, LM35 á gbé 300 mV jáde bó ṣe yẹ, prógíráàmù tó gbà pé 5 ni òṣùwọ̀n á sì kọ nǹkan bí 32 °C.

Òṣùwọ̀n 1.1 fólítì tó wà nínú ATmega328P ni àtúnṣe tó yá jù fún LM35. Ìpele kan á di 1.07 mV, tí í ṣe nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá dígíríì, kíkà á sì dé 110 °C. Kí a ju àwọn kíkà àkọ́kọ́ nù lẹ́yìn tí a bá yí òṣùwọ̀n padà. Òṣùwọ̀n inú yìí lè wà níbikíbi láàárín 1.0 sí 1.2 fólítì lórí ṣípù kan sí òmíràn. Kí a fi mítà wọ̀n ọ́n lórí ẹsẹ̀ AREF, ẹsẹ̀ fólítì òṣùwọ̀n, kí a sì kọ iye tí a rí sínú prógíráàmù. Bí fólítì láti ìta bá wà lórí AREF, prógíráàmù gbọ́dọ̀ sọ pé ti ìta ni kí ó tó ka ohunkóhun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òṣùwọ̀n méjì á kọlu ara wọn nínú ṣípù.

Òṣùwọ̀n ìta tó dára kì í wọ́n. TL431, ṣípù kékeré tó ń mú fólítì dúró sójú kan, ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ ṣájà àti bọ́ọ̀dù iná tẹlifíṣọ̀n tó ti kú. Bí a bá so ẹsẹ̀ òṣùwọ̀n rẹ̀ pọ̀ mọ́ káthódù rẹ̀, tí rẹsísítọ̀ 1 kΩ ń bọ́ ọ láti 5 fólítì, nǹkan bí 2.5 fólítì ló ń dúró lé. Ó lè máa gbọ̀n lórí kapásítọ̀ kékeré, bí 100 nF tó wà lórí AREF ti Uno, nítorí náà kí a fi 10 µF kún un.

Wáyà ilẹ̀ ni ibi tí sẹ́ńsọ̀ àti ojú ìfihàn ti ń pàdé, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń da ara wọn láàmú. Ojú ìfihàn oní-LED tó ń jẹ 100 mA, bí ó bá gba wáyà ilẹ̀ kan náà kọjá pẹ̀lú LM35, tí wáyà àti ihò breadboard (pátákó oníhò tí a ń ki wáyà bọ̀) sì jẹ́ 0.2 Ω péré, 20 mV ló ti gorí kíkà: dígíríì méjì. Àmì rẹ̀ ni pé nọ́ńbà ń yí padà bí ìmọ́lẹ̀ ojú ìfihàn ṣe ń yí padà. Kí sẹ́ńsọ̀ ní wáyà ilẹ̀ tirẹ̀, kí ojú ìfihàn ní tirẹ̀, kí méjèèjì pàdé lójú kan lórí bọ́ọ̀dù.

Iná ìlú, jẹnẹrétọ̀ àti ojú ọjọ́

Òṣogbo ni National Control Centre wà, ibi tí wọ́n ti ń darí ètò òpó iná gíga Nàìjíríà, tí wọ́n sì ń gbìyànjú kí iná dúró ní hẹ́ẹ̀tìsì 50. Iye yẹn kan ẹni tó ń so sẹ́ńsọ̀ pẹ̀lú, nítorí wáyà gígùn tó gba ẹ̀gbẹ́ wáyà iná ilé kọjá á gbá híhó iná náà. Ìyípo kan jẹ́ 20 mílísẹ́kọ́ńdù. Bí prógíráàmù bá ń kà léraléra títí 20 tàbí 40 mílísẹ́kọ́ńdù á fi pé, tó sì fi iye kíkà pín àròpọ̀ rẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ híhó náà á pa ara wọn rẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró sí 50 bí ẹrù rẹ̀ bá pọ̀, nítorí náà kí àkókò náà gùn sí i, bí 200 mílísẹ́kọ́ńdù. Pípín báyìí kò lè tún òṣùwọ̀n tó ti ṣì ṣe. Á kàn jẹ́ kí àṣìṣe náà dúró jẹ́ẹ́ ni.

Lásìkò òjò, ọ̀rinrin àti ìdọ̀tí lórí bọ́ọ̀dù a máa jẹ́ kí iná jò gba ẹ̀gbẹ́ rẹsísítọ̀ ńláńlá kọjá. Lásìkò ọyẹ́, iná ara aṣọ lè pa ẹsẹ̀ ṣípù. Kí a fọwọ́ kan irin tó kanlẹ̀ kí a tó mú bọ́ọ̀dù.

Ojú ìfihàn

LCD 16×2 tó ń tẹ̀lé HD44780 ti Hitachi ló wọ́pọ̀ jù. Ẹsẹ̀ 1 ni ilẹ̀, 2 ni 5 fólítì, 3 ló ń pinnu bí lẹ́tà ṣe dúdú tó, tí àárín pọténṣómítà 10 kΩ ń bọ́. RS jẹ́ 4, RW jẹ́ 5, E jẹ́ 6, D4 dé D7 jẹ́ 11 dé 14, iná ẹ̀yìn jẹ́ 15 àti 16. RW gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Bí ìlà kan bá kún fún àpótí dúdú, iná ti dé ṣùgbọ́n prógíráàmù kò tíì bá a sọ̀rọ̀; bí ojú bá ṣófo, pọténṣómítà ẹsẹ̀ 3 ni kí a kọ́kọ́ yí.

Bọ́ọ̀dù PCF8574 lẹ́yìn LCD ń sọ wáyà di mẹ́rin, pẹ̀lú àdírẹ́sì 0x27, tàbí 0x3F fún PCF8574A. Lórí Uno, A4 àti A5 ni wáyà I2C, méjì tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, ń gbà, nítorí náà sẹ́ńsọ̀ kò lè wà níbẹ̀ mọ́. Ìṣòro tó ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn jà nìyẹn. Bí a bá kọ 99 lé 1023 lórí, 9923 ni yóò hàn. Àlàfo ni kí a fi kún un, kì í ṣe kí a máa nu gbogbo ojú, èyí tó ń mú un ṣẹ́jú.

OLED SSD1306 128×64 ń gba bíìtì 1024 lọ́nà mẹ́jọ, tí í ṣe ìdajì ìrántí Uno, bí a bá tọ́jú àwòrán rẹ̀ lódidi. Ẹsẹ̀ iná àti ilẹ̀ rẹ̀ kì í wà ní ipò kan náà lórí gbogbo bọ́ọ̀dù. Kí a ka àkọlé. Mítà abẹ́rẹ́ 1 mA pẹ̀lú rẹsísítọ̀ 5 kΩ lórí ẹsẹ̀ PWM (ẹsẹ̀ tó ń tan iná tó sì ń pa á kíákíá) náà jẹ́ ojú ìfihàn, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì lọ́ra tó láti má gbọ̀n.

Lẹ́tà Yorùbá lórí ojú ìfihàn

HD44780 kò ní ẹ, ọ, ṣ. Ó fi àyè sílẹ̀ fún lẹ́tà mẹ́jọ péré tí a lè yà fúnra wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí àpótí 5×8. Ẹ, Ọ, Ṣ ńlá àti kékeré ti gba mẹ́fà. Méjì tó kù kò tó fún àmì ohùn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń yà kìkì lẹ́tà tó wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n nílò: fún "Ìgbóná" tàbí "Omi kún", ìwọ̀nba àmì díẹ̀ ló tó. Àmì dígíríì wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà 223 lórí ṣípù tó wọ́pọ̀. Bí a bá tẹ ° tààrà sínú prógíráàmù, nǹkan mìíràn ni yóò jáde.

Lórí OLED, àyè wà fún lẹ́tà tí a yà fúnra wa láìníye. Ẹ àti ẹ ní nọ́ńbà Unicode tiwọn, U+1EB8 àti U+1EB9, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: ẹ ni, lẹ́yìn náà U+0301. Ọ̀pọ̀ láíbúrárì á ya méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ ni kí prógíráàmù ya ẹ, kí ó dá ojú ìkọ̀wé padà sẹ́yìn, kí ó sì ya àmì ohùn sórí rẹ̀, pẹ̀lú ìlà méjì tàbí mẹ́ta òfìfo lókè lẹ́tà kí àmì náà má bàa kan ìlà tó ṣáájú.