Ibi tí "x" inú shell script ti wá

"Ọ̀gá, kí ni x yìí ń wá níbí?"

Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló bi mí. Ó ń ka shell script àtijọ́ kan, ìyẹn fáìlì tí a to àṣẹ sí fún kọ̀ǹpútà láti ṣe, ó sì kan ìlà yìí:

if test "x$1" = "xbeeni"

$1 dúró fún ọ̀rọ̀ tí èèyàn tẹ̀ tẹ̀lé orúkọ script. Ọmọ náà ti fẹ́ pa x rẹ́. Mo ní kó dúró ná, x yẹn ní ìtàn.

Ọdún 1969 ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní ilé ìwádìí Bell Labs, l'Amẹ́ríkà. Thompson ló kọ shell àkọ́kọ́, ìyẹn ètò tó ń gba àṣẹ tí èèyàn bá tẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dà keje jáde ní 1979, shell tí Stephen Bourne kọ ló wà nínú rẹ̀, òun là ń pè ní sh. Àṣẹ test, tó ń yẹ nǹkan wò bóyá òótọ́ ni, náà bá ẹ̀dà yẹn wá.

Ọ̀dọ̀ test ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí shell bá tò síwájú rẹ̀ nìkan ló ń rí. Kò mọ èyí tí èèyàn tẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ àmì iṣẹ́. Bí ẹnì kan bá tẹ -f, test á gbà pé fáìlì ni wọ́n ní kóun wá, á máa wá fáìlì tó ń jẹ́ "=", ọ̀rọ̀ kẹta á sì dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn àgbà iṣẹ́ bá fi x ṣíwájú ọ̀tún àti òsì. x-f ò jọ àmì kankan mọ́. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn lójú tèmi.

Àtúnṣe test fúnra rẹ̀ kò lè kárí lẹ́ẹ̀kan, torí Unix ti di ti ẹni púpọ̀: Yunifásítì Berkeley ní tiwọn, AT&T ní System V, Sun, HP àti IBM náà ní tiwọn. Echo lásán, àṣẹ tó kàn ń kọ ọ̀rọ̀ jáde, pín sí méjì. Lọ́dọ̀ Berkeley, echo -n kì í bọ́ sí ìlà tuntun. System V á kọ -n fúnra rẹ̀ jáde. Ìyà yìí ló mú David MacKenzie bẹ̀rẹ̀ Autoconf, ètò tó ń kọ script tó lè ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi Unix, ní 1991, x sì kún inú àwọn script tó ń gbé jáde.

Ní 1992, POSIX, ìlànà àjùmọ̀lò fún àwọn Unix, là á kalẹ̀ pé kí test kọ́kọ́ ka iye ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀, kó lè mọ èyí tó jẹ́ àmì iṣẹ́ nínú wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, script tí ọmọ yìí fúnra rẹ̀ kọ kọ̀ jálẹ̀ lórí Ubuntu, ètò òde òní kan tó jọ Unix. Ó fi #!/bin/sh bẹ̀rẹ̀, ìlà tó ní kí sh ṣe iṣẹ́ náà, ó sì lo ==. Láti 2006, shell kan tó ń jẹ́ dash ni sh Ubuntu, = kan ṣoṣo ni test rẹ̀ mọ̀. Ó pa = kan rẹ́, ó padà sídìí script àtijọ́ yẹn, ó fi x sílẹ̀ níbi tó wà.